Ẹ Fetí sí Ìró Dírìlì Yín

  

Mo gbé ẹrù wọ ilé-iṣẹ́ rédíò lónìí: dírìlì méjì àti ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan. Àbúrò mi tó ń darí ẹ̀rọ lẹ́yìn gíláàsì ti gbà mí láàyè pé kí n tàn wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fetí sí ti àkọ́kọ́.

(Ìró dírìlì àkọ́kọ́ lára búlọ́ọ̀kù: ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.)

Ẹ gbọ́ ọ. Ó ń yí, ó ń pariwo, ó ń ha búlọ́ọ̀kù bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n kò lù ú. Ẹ gbọ́ èkejì báyìí.

(Ìró dírìlì kejì lára búlọ́ọ̀kù: ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.)

Ẹ gbọ́ bí ìyẹn ṣe ń dún gbì-gbì-gbì, tó sì ń wọlé lọ. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe àwọn méjèèjì, ọdún kan náà ni wọ́n sì dọ́wọ́ mi. Èkejì sùn nínú ilé, lẹ́bàá ògiri ilé ìdáná. Àkọ́kọ́ sùn síta lórí pèpéle láti àná. Èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀. Mo máa bẹ àbúrò mi pé kó gbé e lọ sí yàrá kejì, kó tàn án, kó jẹ́ kó máa yí lásán, kó má tẹ ẹ́ mọ́ nǹkankan. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n tó kúrò níbí.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé ní àdúgbò wa, dírìlì ti kúrò ní ohun tí oníṣẹ́ nìkan ń ní. Ọjà Katako tó wà láàárín wa níbí ní Jọ́ọ̀sì, pákó ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè Hausa, ẹni tó bá sì ra pákó àti páànù níbẹ̀ lónìí, ọ̀la ló máa fẹ́ so nǹkan mọ́ ògiri. Ẹ fẹ́ so kọ́tìnì. Ẹ fẹ́ de bọ́gílárì mọ́ fèrèsé. Ẹ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sólà sórí òrùlé. Bàálé ilé kan á ra dírìlì kan, gbogbo àgbàlá á sì máa yá a. Láàárín ọdún méjì, ó ti dákẹ́. Èmi tí mo ń tún wọn ṣe ní Laranto mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń dákẹ́ wọ̀nyẹn, iṣẹ́ kọ́ ló pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú èyí tí à ń sọ. Oríṣi méjì ni àwọn èèyàn ń pè ní hámà dírìlì. Ọ̀kan ni èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ fún bíìtì mọ́ lẹ́nu. Nínú rẹ̀, irin roboto méjì tó ní eyín ló ń gun ara wọn kọjá, bí ọkọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Agbára apá yín ló ń lò, ẹ sì gbọ́dọ̀ tì í dáadáa. Èyí tí mo gbé wá lónìí ni oríṣi kejì, tí a kàn ń ti bíìtì bọ̀ lẹ́nu tó máa dún pé ká. Wọ́n máa ń kọ SDS sára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ló gbé irú ẹnu SDS yìí jáde ní 1975, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1932 ni wọ́n ti ń ṣe hámà tó ń lo iná mànàmáná. Ìdí bíìtì ti àwọn kékeré nípọn tó mìlímítà 10, ti àwọn ńlá tó ń fọ́ kọnkéré tó mìlímítà 18. Àwọn oníṣẹ́ kan ń pe gbogbo wọn ní Hilti, bí ẹni pé orúkọ irin-iṣẹ́ náà nìyẹn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní Liechtenstein ni.

Kí ló ń mú un lu? Ẹ ti fi ìka dí ẹnu pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ rí? Bí ẹ bá tẹ ọwọ́ pọ́ǹpù náà wálẹ̀, ẹ ó rí i pé afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ á ta yín padà. Ohun tó wà nínú dírìlì yìí gan-an nìyẹn. Mọ́tò ń yí jíà, jíà ń yí bẹ́árìn kan tí wọ́n dè ní dàgẹ̀rẹ̀, bẹ́árìn yìí ń ti písítìnì lọ, ó ń fà á bọ̀. Níwájú písítìnì ni òòlù irin kékeré kan wà. Písítìnì kì í kan òòlù yìí rárá. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ náà ló ń ta òòlù síwájú tó fi ń gbá ìdí bíìtì. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bí òrùka, ló yí òòlù náà ká kí afẹ́fẹ́ má baà sá. Dírìlì ilé bíi Makita HR2470, tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ wáàtì 780, lè gbá bíìtì tó ìgbà 4,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá ro bí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ṣe ń rìn tó láàárín wákàtí kan, kí ẹ sì ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bí kò bá sí gírísì lára rẹ̀.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń de bọ́gílárì gbé tirẹ̀ wá bá mi kí n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán. Ó kí mi tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, ó ti kú.” Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan lòun tàn án, ó ń yí ṣùgbọ́n kò lù. Òun rò pé òùngbẹ ọ́ìlì ló ń gbẹ ẹ́, lòun bá da ọ́ìlì ọ̀kadà sí i lẹ́nu. Ìgbà tó yá, ó lù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tún lù, òun tún da ọ́ìlì sí i. Ní ọjọ́ kẹta, iná ń ta yí ká nínú rẹ̀, èéfín sì tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ará mi, dírìlì yẹn kò ṣàìsàn láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Òtútù ló mú un. Ìlú wa ga: Jọ́ọ̀sì fi nǹkan bí mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ, òwúrọ̀ Dìsẹ́ńbà tàbí Jánúárì sì lè tutù débi tí tẹmómítà á sún mọ́ 10 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ̀yin ìyá wa mọ ohun tí irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi epo pupa ṣe. Á dì nínú ìgò, ẹ ó yí ìgò náà dorí kodò, kò ní ṣàn, àfi kí ẹ gbé e sún mọ́ iná. Gírísì inú dírìlì ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bó bá ti gbó. Á mú òòlù náà dání, rọ́bà ara rẹ̀ á le, afẹ́fẹ́ á máa tì í, kò ní lọ. Iná ni epo pupa ń fẹ́. Yíyí lásán ni dírìlì ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún láìtẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ara rẹ̀ á yá, gírísì á rọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi sínú àpótí rẹ̀. Èyí tó tòkunbọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa kì í sábà ní ìwé yẹn nínú mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́.

Ọ́ìlì tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn dà sí i ńkọ́? Ó bá gírísì pò, ó sì sọ ọ́ di omi. Gírísì máa ń dúró níbi tí a bá fi í sí, ṣùgbọ́n ọ́ìlì á máa wá ọ̀nà lọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ síìlì kọjá lọ sẹ́yìn, ó dé ibi tí kábọ̀n tó ń gbé iná wọ mọ́tò ti ń kan orí ámáṣọ̀, ìyẹn apá tó ń yí nínú mọ́tò. Eruku kábọ̀n àti ọ́ìlì wá di ẹrẹ̀ dúdú níbẹ̀, iná bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú ẹrẹ̀ yẹn kọjá, ámáṣọ̀ jóná. Owó ámáṣọ̀ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tó fi ra dírìlì náà. Ó dùn mí fún un, torí ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Èmi náà ti fi ìfẹ́ ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi gbé hámà ńlá kan fún mi pé kí n pààrọ̀ gírísì rẹ̀. Mo nu èyí tó ti dúdú kúrò, mo sì fi tuntun kún un dé ẹnu. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a tàn án tí ọrùn rẹ̀ gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè kàn, tí kò sì lù mọ́. Ọ̀gá mi kò bínú. Ó mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ wá, ó ní kí n fi ìka dí i lẹ́nu kí n tẹ̀ ẹ́. Ó wá bi mí pé, “Bí o bá di gírísì kún inú èyí, níbo ni afẹ́fẹ́ fẹ́ jókòó sí?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọn gírísì. Fún àwọn hámà ńlá, àwọn tó ṣe é máa ń sọ iye rẹ̀ gan-an: gíráàmù 30 fún òmíràn, 60 fún òmíràn. Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nísinsìnyí, iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe nínú ilé láìtú nǹkankan. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì jù, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná. Ẹ yọ bíìtì. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nu ìdí bíìtì náà mọ́ tónítóní, ní pàtàkì inú àwọn ojú ihò gbọọrọ tó wà lára rẹ̀, torí ibẹ̀ ni eruku sìmẹ́ńtì ń fara pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gírísì tí kò ju hóró ẹ̀wà kan tàbí méjì pa ìdí bíìtì yẹn, kó kàn án yí ká, kó má sì nípọn. Ẹ tì í padà sẹ́nu dírìlì, ẹ yí i díẹ̀ títí tó fi máa dún pé ká, ẹ sì fà á wò bóyá ó ti dè. Ó tán. Ẹ máa ṣe é nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fi bíìtì sí i, ìbáà jẹ́ ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé bíìtì kì í dúró lójú kan nínú ẹnu dírìlì. Ó ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀, ní gbogbo ìgbà tí òòlù bá ti gbá a. Bí kò bá sí gírísì, irin ni yóò máa jẹ irin. Bí eruku bá bá a níbẹ̀, ó ti di ẹ̀rọ ìlọta nìyẹn. Ẹ lọ wo bíìtì tó wà nílé yín. Bí ìdí rẹ̀ bá ti pọ́n tàbí tó dúdú bí ìdí ìkòkò, iná ti jẹ ẹ́. Bí orí ìdí rẹ̀ bá ti fẹ̀ bí orí ìṣó tí wọ́n ti gbá jù, ẹ má ṣe tì í bọnú dírìlì mọ́, torí yóò ha ẹnu dírìlì náà, ìgbà mìíràn kò sì ní fẹ́ jáde mọ́.

Àwọn kan ń bi mí bóyá básílíìnì lè ṣe é. Básílíìnì ń yọ́ nígbà tí ara bíìtì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, á sì ṣàn lọ. Òróró ìdáná náà kò ṣe é. Bó bá gbóná tó sì tutù léraléra, á di oje tó ń lẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń ta epo sórí irin fún Ògún, bàbá mi tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ gòkè wá síbí kò sì ní jẹ́ kí àdá rẹ̀ sùn láìfi òróró pa á. Irin tó wà ní gbangba nìyẹn, tí kò gbóná, tí kò sì há mọ́ ibì kan. Gírísì tí wọ́n ṣe fún hámà dírìlì wà nínú túùbù kékeré, bíi ti ọṣẹ ìfọyín. Túùbù kan á pẹ́ lọ́wọ́ onílé kan. Ẹ má sì fi gírísì táyà mọ́tò rọ́pò rẹ̀ nínú ibi tó ń lu. Ó ti wúwo jù fún òòlù kékeré yẹn, ẹ ó sì tún padà sí ọ̀rọ̀ òtútù tí mo sọ.

Eruku ni ọ̀tá kejì. Kọnkéré tiwa lórí òkè yìí, òkúta akọ tí wọ́n fọ́ ló wà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì mú. Bí ẹ bá ń lu ògiri, eruku á bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjú dírìlì sókè, tí ẹ ń lu dẹ́kìn láti fi fáànù kọ́, gbogbo eruku yẹn á tẹ̀lé ara bíìtì wálẹ̀ tààrà sẹ́nu dírìlì. Ẹ wá kọ́ọ̀bù ike kan, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ẹ ti bíìtì gbà á kọjá, kí ẹnu kọ́ọ̀bù náà kọjú sókè. Òun ni yóò máa gba eruku. Kí ẹ̀yin náà sì fi nǹkan bo imú àti ojú, torí eruku yanrìn àti òkúta yìí tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó ń dápàá síbẹ̀, àpá yẹn kì í sì í jinná. Èmi kò kọ́kọ́ ka ìbòmú sí nígbà èwe mi. Mo ń kà á sí báyìí, n kò sì ní jẹ́ kí ọmọṣẹ́ mi kankan lu ihò láìlò ó.

Tí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbígbẹ gbá àwọn ihò tó ń fi mí. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ yẹn le jù, omi sì máa ń wà nínú rẹ̀, ṣe ni yóò ti eruku wọnú bẹ́árìn.

Nípa kábọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ dírìlì, ìdérí roboto méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí ẹ lè fi sùkúrúdéràfà ṣí. Kábọ̀n wà lábẹ́ wọn, pẹ̀lú sípíríǹgì. Bí gígùn rẹ̀ bá ti sún mọ́ mìlímítà 6, tàbí tó dé ojú ìlà tí wọ́n fà sí i lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe gbẹ́ kábọ̀n láti inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Líle rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, orí ámáṣọ̀ ni yóò sì máa jẹ. Àkókò tí kábọ̀n bá tán náà ni ó yẹ kí gírísì inú rẹ̀ rí àyẹ̀wò. Bí tiyín bá jẹ́ kékeré, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, torí bí a bá ti ṣí ikùn rẹ̀, àwọn irin pẹ́pẹ̀pẹ́ ló máa ń fò jáde, ẹni tí kò bá mọ ipò wọn kò ní lè tò wọ́n padà. Bó bá jẹ́ hámà ńlá tó ní ìdérí lókè, ẹ lè ṣe é fúnra yín: ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ gbé e nàró kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, kí gírísì àtijọ́ lè rọra kó ara jọ sísàlẹ̀, ẹ ṣí ìdérí náà, ẹ nu ún jáde láìfa wáyà kankan já, ẹ sì fi iye tuntun tí ìwé rẹ̀ bá sọ sí i.

Iná tí ẹ ń lò ńkọ́? Géńẹ́rétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé dírìlì wáàtì 780. Mọ́tò á máa yí tìrótìrò, á sì máa gbóná, fáànù tó yẹ kó fẹ́ sí i kò sì ní yí dáadáa torí orí irin kan náà ni wọ́n jọ wà. Wáyà ẹ́kísítẹ́ńṣọ̀n tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ tú wáyà náà kúrò lára ohun tí wọ́n ká a mọ́ kí ẹ tó lò ó.

Ẹ má sì fi àyà ti dírìlì yìí bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ tó kó má baà máa fò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́. Bí ihò bá jìn, ẹ máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀ kí eruku lè tú. Bó bá gbóná, ẹ má kàn pa á lójijì. Ẹ fà á jáde, ẹ jẹ́ kó yí lásán fún ìṣẹ́jú kan kí fáànù lè fẹ́ ẹ tutù. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ lu pákó tàbí irin, ẹ yí ojú rẹ̀ kúrò níbi òòlù, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró pátápátá kí ẹ tó yí i.

Ó dà bí ẹni pé àbúrò mi ti ń juwọ́ sí mi lẹ́yìn gíláàsì. Ó ti gbé dírìlì àkọ́kọ́ padà wá, ó ní ó ti yí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ọrùn rẹ̀ sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí ẹni tó tú u. Kò sí ẹni tó da ohunkóhun sí i. Ẹ jẹ́ kí n nu ìdí bíìtì yìí... kí n fi gírísì díẹ̀ pa á... ó ti dè. Búlọ́ọ̀kù kan náà nìyí, ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ń ha lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fetí sí i.

(Ìró dírìlì àkọ́kọ́ lára búlọ́ọ̀kù: gbì-gbì-gbì, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.)